Ọmọ Á Dàgbà Bá A

Gbogbo òbí tó ń rán aṣọ ilé-ìwé lágbègbè náà ló mọ Àǹtí Fàyèsílẹ̀, aránṣọ. Bí o bá mú ọmọ wá, á wọ̀n ọ́n tán, á tún fi ìnṣì méjì lé e. Bí ọmọ bá ń ráhùn pé aṣọ ti gbé òun mì, á ní kó fọkàn balẹ̀, á dàgbà bá a. Kò sì sí èyí tí kò dàgbà bá a rí. Ohun tó bá ti ń ṣẹ fún èèyàn lójoojúmọ́, kì í pẹ́ kó tó sọ ọ́ di òfin.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, Kíámọ́sá ni àwọn oníbàárà ń pè é. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì tí ìyá rẹ̀ ti ń gé aṣọ ló ti kọ́ ìṣirò. Ìyá á ní aṣọ èèyàn mẹ́fà, yáàdì méjì àti ààbọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kó tó pa ẹnu dé, ọmọ ti ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn ju ìdáhùn lọ, àmọ́ kò tíì mọ̀ nígbà náà.

Ìgbà tí ọmọ wọ girama ni ariwo kíláàsì àsáré gbòde. Àwọn tó bá wọ ibẹ̀ á máa ṣe ìṣirò ọdún tó ń bọ̀ lọ́dún yìí. Tíṣà ìṣirò pe ìyá, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó lo ọdún kan sí i ná. Ó ní kíláàsì náà bá àwọn kan lára mu, wọ́n sì ń gbádùn rẹ̀, pé orí ọmọ yìí náà pé, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àbùkù ni ìyá gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó gba ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé lọ, ó bẹ̀bẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jà.

"Ẹ ṣáà fi sí i, mà. Á dàgbà bá a."

Wọ́n fi sí i.

Ohun tó wà lójú pátákó ni ọmọ ń dà kọ, kò yé e. Ojú ń tì í láti béèrè, nítorí ohun tí òun ò rí rí ni àwọn yòókù ń fò kọjá. Kò pẹ́, ẹ̀rín dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé òun fẹ́ padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ òun. Ìyá ní ẹni tó ti gòkè kì í tún wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú gbáà ni, ó sì ti jáde lẹ́nu.

Nígbà tí ìdánwò ìparí ọdún dé, ọmọ jókòó, kò kọ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá dá a padà. Tíṣà ò fi ìyá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kó má sunkún, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ṣùgbọ́n láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá, Kíámọ́sá ò lè ṣe é mọ́. Ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Agbè ti fọ́, tíṣà ni ò rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan mú ọmọ rẹ̀ kékeré wá, ó fẹ́ rán aṣọ ilé-ìwé mẹ́rin fún un. Bí ẹni ń ṣeré ni ìyá fi bi Kíámọ́sá pé yáàdì méjì méjì lọ́nà mẹ́rin, mélòó ni?

Ọmọ ò gbójú sókè. "Ẹ má bi mí, Mọ́mì. Màá ṣì í."

"Mẹ́jọ," ni ọmọ kékeré yẹn wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà gún ìyá lọ́kàn. Oníbàárà ní kí wọ́n má gbàgbé láti fàyè sílẹ̀ o, ọmọ á dàgbà bá a.

"Aṣọ tó bá tóbi, ẹ lè ká a létí," Kíámọ́sá wí jẹ́jẹ́. "Èmi ńkọ́, Mọ́mì?"

Kò bínú tó fi sọ ọ́. Ìyá mú téèpù, ó wọn ọmọ oníbàárà, ó sì gé aṣọ náà géérégé bí ara rẹ̀ ṣe rí. Obìnrin náà béèrè pé kí ló dé tí kò fàyè sílẹ̀. Ìyá fa aṣọ kejì sórí tábìlì, ó sì gé òun náà géérégé.