Ògiri Sui-lian àti Bébà Pupa

Bí ẹ bá rí Sui-lian níbi tó ti ń fi ọ̀bẹ gbígbóná gé fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, ẹ ó ní ó ń ṣeré ọmọdé ni. Ẹ ní sùúrù. Á fi àtè àti lẹ́búlẹ́bú pákó pa á lára, á kùn ún ní pupa, á fi kànìnkànìn tẹ dúdú sí i díẹ̀díẹ̀ bí èéfín ààrò. Bíríkì kan ò gbọdọ̀ jọ èkejì. Ó ní bí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n rí: ojú jọra, ìwà ò jọra. Ní ìlú Tainan, kò sí ẹgbẹ́ òṣèré tí kò mọ ògiri orí ìtàgé tó ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹ̀yìn tì í.

Ọdún tí ọkọ rẹ̀ kú ni Ọ̀gá Hok, olórí ẹgbẹ́ kan, wá bá a.

"Ẹ má bínú, Mà. A fẹ́ máa lo aṣọ tí wọ́n tẹ àwòrán ògiri sí. Aṣọ ṣeé ká."

"Tí atẹ́gùn bá wá fẹ́ ńkọ́? Ilé á máa jó ijó nìyẹn."

Ọ̀gá Hok rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ẹ ṣe ẹyọ kan sí i. Bí Ìyá Àgbà Kiau bá gbà á, iṣẹ́ yín nìyẹn. Bí wọn ò bá gbà á, aṣọ ni."

Ìyá Àgbà Kiau ni àgbà òṣèré wọn. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ó fi èékánná họ bíríkì, ó mi orí pé ó dára. Àfi ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló kú nílé yìí?"

"Ẹ ní kí ni, Mà?"

"Ilé ìyàwó la fẹ́ fi ṣeré. Bébà pupa oríire tí à ń lẹ sẹ́nu ọ̀nà lọ́dún tuntun dà? Kódà ojú àtè ọdún tó kọjá ò sí níbẹ̀!"

Sui-lian wo ẹnu ọ̀nà náà. Ẹnu ọ̀nà ilé tirẹ̀ ló yà síbẹ̀, kò sì mọ̀. Ilé tí òkú bá ti jáde kì í lẹ bébà pupa lọ́dún náà; ojú rẹ̀ ti mọ́ òfìfo ọ̀hún.

"Ọkọ mi ni, Mà."

Ìyá Àgbà Kiau sún mọ́ ọn. Ó di apá rẹ̀ mú. "Háà, ọmọ mi. Tìrẹ nìyẹn. Àmọ́ ìyàwó ń bọ̀ níbí. Lọ po àtè."

Sui-lian fi ìyẹ̀fun ìrẹsì po àtè. Ó lẹ bébà pupa, ó fà á ya. Ó lẹ òmíràn lé e, ó tún fà á ya, bíi pé ọdún ń gorí ọdún lára ilé náà. Lẹ́yìn náà ló wá lẹ tuntun.

Nígbà tí Ìyá Àgbà padà dé, ó wò ó títí, ó mí kanlẹ̀, ó sì fẹ̀yìn tì í. Ògiri mì! Ọ̀gá Hok tó wà nítòsí sáré gbá ògiri náà mú.

"Mo gbàgbé pé irọ́ ni!" Ìyá Àgbà pariwo. "Hok, gbé aṣọ rẹ lọ fi nulẹ̀."

Sui-lian ká bébà pupa tó ṣẹ́ kù, ó gbé e lọ sílé de ọdún tí ń bọ̀. Ọlọ́run tó ń yí ọdún po kì í fo ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni.