Ta Ló Bẹ Iṣẹ́ Tẹ̀sùbáà Yìí?

Èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́, gbogbo ará ilé wa ní àdúgbò Limawa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń fi igi ṣe tẹ̀sùbáà lẹ́yìn ilé. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbẹ́ ọmọ rẹ̀, yóò lu ihò sí i, yóò fi sáńpépà dán an. Ìgbà tí ìyá wa ti ọsibítù dé, tó di pé a ń gbé e dìde kó tó lè jókòó, ni ọ̀gbẹ́ni dá ọgbọ́n tuntun. Ó ń kọ́kọ́ lu igi gígùn já láti orí dé ìdí, kó tó gé e wẹ́wẹ́. Ó so garawa mọ́ mọ́tò ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ti bàjẹ́, ó da ọmọ tẹ̀sùbáà àti iyanrìn sí i, garawa ń yí láti àárọ̀ dé alẹ́. Gbogbo wọn á jáde ní dídán lẹ́ẹ̀kan náà. Àpò kan kún, òmíràn tún kún.

Mo bi í pé, "Ta ló bẹ iṣẹ́ yìí?"

"Àǹtí, oníbàárà ni."

"Oníbàárà wo?"

Ó ní kí n jẹ́ kí òun ráyè. Haba! Ẹni tí kì í lè pa ẹnu mọ́! Bẹ́ẹ̀ n ò rí oníṣòwò kankan tó wá kó ọjà.

Ọkàn mi bá sọ ọ́ fún mi: ibo ni wọ́n ti ń pín tẹ̀sùbáà fún èrò bí kò ṣe níbi fídáù, àdúà òkú? Ìyá tó ṣì bú mi láàárọ̀ yìí!

Mo lọ pa mọ́tò náà. "O ti sin ìyá wa nínú ọkàn rẹ, àbí? Wallahi, inú rẹ burú!"

Ìyá wa ló pariwo láti orí ibùsùn rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé: "Má bá a jà. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́."

Mo wọlé lọ bá a. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n pín tẹ̀sùbáà oníke níbi fídáù òun, dókítà sì ti sọ òótọ́ fún òun.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Àbúrò rẹ ò lè bá mi jà mọ́ látìgbà tó ti mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣì wà nínú ilé yìí tí yóò máa pariwo lé mi lórí pé mi ò jẹun tán."

Mo la ẹnu láti pariwo. Ẹkún ló jáde.