Òkúta Tí Ìyá Àgbà Ha

Òjò àná ti sọ àtẹ̀gùn ilé wa l'Attécoubé di ibi yíyọ̀. Bí mo ṣe ń ha ewéko wínníwínní tó bò ó, òórùn tútù rẹ̀ gbé mi padà sí ọgbà ará Japan kan nítòsí Gonzagueville, tí ẹ́kọ́ọ̀lù, ilé ìwé wa, kó wa lọ wò nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyá àgbà, tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló tẹ̀lé mi.

Bàbá tó bí olọ́gbà ló ti Japan wá dáko ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Ọkọ́ àti akẹtẹ̀ rẹ̀ wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan. Ibẹ̀ la wà tí mo wẹ̀yìn, n ò rí ìyá àgbà mọ́. Mo bá a létí omi, ó fún ìró mọ́dìí, ó ń fi èèpo àgbọn ha irú ewéko wínníwínní yẹn kúrò lára òkúta kan títí ó fi funfun.

Olọ́gbà dé. Àyà mi já. Ó fi Faransé béèrè ohun tí mami ń ṣe. Mo bi ìyá àgbà, ó ní:

"Sọ fún un pé ibí yìí ń yọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ lè ṣubú."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà wo òkúta, ó wo ọwọ́ ìyá àgbà, ó sì tẹrí ba gan-an, ó dúpẹ́. "Merci, mami."

Ìyá àgbà ò jẹ́ kí wọ́n fi ìkíni ju òun lọ, ó kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà tún tẹrí ba sí i. Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ṣe ni wọ́n gbin ewéko yẹn, pé bàbá olọ́gbà ti ń bomi rin ín kí wọ́n tó bí olọ́gbà fúnra rẹ̀.