Fíìmù Ògúnsanwó Lóko Ìrẹsì

Ta ló rán Pascaline níṣẹ́, ẹ gbà mí! Bàbá kan pè é láti Japan lórí fóònù, ó ń sọ Faransé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó béèrè bóyá àwọn fíìmù Ògúnsanwó, bàbá Pascaline tó ti kú, ṣì wà nílé. Pascaline dáhùn kíá pé, “Wọ́n wà dáadáa, Bàbá. Mo tọ́jú wọn.” Irọ́ funfun báláú!

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣàánú rẹ̀ díẹ̀. Nígbà ayé Ògúnsanwó, fíìmù ló ń gbé kiri ní Togo láti Agbonou dé Notsé, á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, á sì fi fíìmù han ará abúlé. Ọ̀lẹ tí kò lè roko ni àwọn ẹbí ń pè é, Pascaline náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe ohun tí bàbá rẹ̀ ń ṣe níṣẹ́ rí, àfi ará Japan yìí. Inú rẹ̀ dùn, ẹnu rẹ̀ sì yá jù.

Isobe lorúkọ bàbá náà. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń wo fíìmù, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn bóyá ó dára tàbí kò dára. Nígbà tó yá, ó di òpìtàn fíìmù ilẹ̀ wọn. Fíìmù kan wà tó ti ń wá kó tó hu ewú. Iná ti jó gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ ní Japan, àfi ọ̀kan tí oníṣòwò kan gbé wá sí Togo, tó tà fún Ògúnsanwó.

Ó kúkú wá! Ó dé Atakpamé, ó gun ọ̀kadà dé Agbonou pẹ̀lú táì lọ́rùn. Kó tó jókòó, ó lọ tẹríba níbi sàréè Ògúnsanwó. Pascaline yára gbé oúnjẹ wá.

“Ẹ jẹun ná, Bàbá.”

“Ẹ ṣeun, Màdáàmù. Ẹ jẹ́ kí n rí fíìmù náà ná.”

Pascaline mú un lọ sóko ìrẹsì rẹ̀. Téèpù kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni wọ́n máa ń ta lókè ìrẹsì níbẹ̀, kó máa dún nínú atẹ́gùn kí ẹyẹ lè sá. Nígbà tí ti Pascaline tán, fíìmù bàbá rẹ̀ ló fà yọ. Ó wà lára igi lọ gbọọrọ.

Isobe di fíìmù náà mú, ó gbé e sójú oòrùn. Òjò ti fọ̀ ọ́ mọ́. Kò sí àwòrán ojú èèyàn kankan lára rẹ̀ mọ́. Ìtìjú bo Pascaline, ó wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

“Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Irọ́ ni mo pa. Ojú ń tì mí.”

Ì bá sàn kí bàbá náà bú u. Kò bú u. Ó yọ ìwé tuntun tó kọ nípa fíìmù náà nínú àpò, ó ṣí i, ó nàka sí ìlà kan, ó túmọ̀ rẹ̀ fún un: “Ọpẹ́lọpẹ́ Pascaline, ọmọ Ògúnsanwó, tó mọyì iṣẹ́ bàbá rẹ̀.”

“Ẹ bá mi pa á rẹ́, Bàbá.”

“Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́,” ni Isobe wí. “Àwọn èèyàn ti ń kà á.”