Bí Mo Ṣe Tẹ Ọ̀nà Èkó sí Bìní Gba Ẹ̀yìn Òrè

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi láti ọ̀nà jíjìn, kí n rò fún yín bí èmi nìkan, pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì yìí, ṣe di ọ̀nà Èkó sí Bìní mú nírù, tí mo sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ wáyà, títí ó fi gba ẹ̀yìn ìlú Òrè kọjá. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wọ mọ́tò kó lọ wò ó. Ṣé ọ̀nà náà ò tẹ̀ níbẹ̀ ni? Ta lẹ rò pé ó tẹ̀ ẹ́?

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà náà. Ìwé kẹta ni mo ti dúró níléèwé. Mo ní tísà ò mọ̀wé kọ́ni, tísà ní orí mi ò gbàwé, la bá túká ní àlàáfíà.

Owó epo ti dé. Gbogbo ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ ló ń sọ pé ìjọba ò mọ ohun tí yóò fowó ṣe mọ́, àfi kó máa la ọ̀nà. Nígbà tó yá, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn. Wọ́n ní ọ̀nà ńlá ń bọ̀, èyí tí mọ́tò á máa gba apá kan lọ, tí á máa gba apá kejì bọ̀. Ibi tí yóò gbà ni wọn ò tíì mọ̀. Ó lè la àárín ìlú kọjá gbọọrọ. Ó sì lè gba ẹ̀yìn ìlú, kí wọ́n fẹ ọ̀nà tí àwọn mọ́tò agbégẹdú fi ń kó igi jáde látinú igbó. Wọ́n ní kí ìlú ṣèpàdé, kó mú ọ̀kan.

Ni ìlú bá pín sí méjì. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí ọ̀nà gba àárín ìlú, kí oníṣòwò lè máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Àwọn àgbà ní rárá, ilé ló máa wó. Bàbá kan tiẹ̀ bèèrè bóyá ọ̀dà dúdú tó wà nínú ilẹ̀ ní Agbabu nítòsí wa níbí ni wọ́n máa fi ṣe é. Wọ́n ní rárá, ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé tiwọn dé láti òkè òkun. Bàbá náà ní, "Ẹni tó wà létí odò tó ń fi itọ́ ṣanwọ́, òun la fẹ́ kó wá la ọ̀nà fún wa?"

Tèmi le ju ti gbogbo wọn lọ. Àárín ìlú gan-an ni ilé ìyá mi wà. Inú ilé yẹn la sì sin bàbá mi sí, lábẹ́ ibi tí ìyá mi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí. Bí ọ̀nà bá gba àárín ìlú, ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn ìlú, lẹ́bàá ọ̀nà gẹdú, ni oko Bàbá Ìwó wà. Àlejò ni Bàbá Ìwó. Ó ti Ìwó wá, ó gba ilẹ̀ dá oko kòkó, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Ó sì ní ọmọbìnrin kan, Risikátù.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Bí wọ́n bá sá kòkó sórí ẹní, ẹsẹ̀ ni Risikátù máa fi ń yí i. Á máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ jẹ́jẹ́ láti ìpẹ̀kun ẹní kan dé èkejì, kòkó á máa dún ṣàráṣàrá. Á wá gbójú sókè, á ní, "Bùọ̀dá Akin, ṣé kòkó lẹ wá wò àbí ẹsẹ̀?" Èmi á ní kòkó ni. Ta ló ń rìn láti àárín ìlú wá wo kòkó tó ń gbẹ?

Nípàdé ìlú wa, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnu kan. Bí baálé ilé bá ti kú, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Ẹni tó gba ilẹ̀ dáko ò lẹ́nu níbẹ̀, kódà bó jẹ́ pé orí oko rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ìta ló máa jókòó sí.

Nígbà tí ìpàdé ku ọ̀la, Risikátù wá bá mi létí odò. Ó ní òun ṣì wà lẹ́yìn ìyá òun nígbà tí bàbá òun gbin kòkó yẹn. Ó ní bí oko bá lọ, Ìwó ni wọ́n máa padà sí, òun ò sì tíì sùn ní Ìwó rí láyé òun. "Ẹ̀yin lẹ lẹ́nu nílùú yìí," ló wí. "Ẹ yá wa lẹ́nu yín."

Mo délé, ìyá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sunkún, ó kàn na ìka sílẹ̀. "Akin, ṣé kí mọ́tò Bìní máa gun bàbá rẹ lọ, kó tún máa gùn ún bọ̀?"



Lọ́jọ́ kejì wọ́n pe ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni kan ní àárín ìlú, ẹlòmíì ní ẹ̀yìn ìlú, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan ilé wa. Mo yọjú wo ìta, mo rí Bàbá Ìwó lábẹ́ igi fúrúùtù, Risikátù dúró tì í. Mo wá ní kí ọ̀nà gba ẹ̀yìn ìlú.

Láwùjọ àwọn ọ̀dọ́, ẹnì kan ní, "Akin, wàá máa fẹsẹ̀ rìn lọ wo mọ́tò." Ìyá mi dá a lóhùn láti ibi tó jókòó sí láàárín àwọn obìnrin pé, "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni, kì í ṣe tìẹ."

Ẹ̀yìn ìlú ló borí, katakata sì dé oko Bàbá Ìwó. Kòkó ti ń pọ́n lórí igi lọ́jọ́ tí wọ́n ti gbogbo rẹ̀ lulẹ̀. Ìdílé Bàbá Ìwó kó ẹrù sínú mọ́tò tó ń lọ sọ́nà Oǹdó. Mo sin wọ́n dé ibi tí mọ́tò ti ṣí. Risikátù bojú wolẹ̀ láti orí ẹrù, ó ní, "Bùọ̀dá Akin, bí ọ̀dà yẹn bá gbẹ, orí ẹ̀ ni màá gbà padà wá."

Ọ̀dà gbẹ. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìlú dìde, ó tẹ̀lé ọ̀nà lọ! Gáréèjì lọ síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù lọ síbẹ̀. Ìyá mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó lọ. Ó ní ojú ọ̀nà layé wà, ó lọ ń sun bọ̀ọ̀lì níbẹ̀. Òrùlé ilé wa jìn, koríko hù bo ojú oórì bàbá mi. Mo bi í pé ṣé bàbá mi ò ní dá nìkan wà báyìí? Ó ní, "Ó mọ ibi tí mo wà."

Ìyá mi náà ti lọ bá a lọ́run báyìí. Èmi ní bẹ́ńṣì kan lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí mo rò pé ẹní kòkó máa ń wà. Bọ́ọ̀sì ńláńlá á dúró, àwọn èrò á sọ̀ láti jẹun. Mo máa ń wo àwọn obìnrin àgbà. Bí ọ̀kan bá wọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀ nílẹ̀, màá dìde ní ìdajì. Ìdajì ni mo máa ń dìde, kí ojú má baà tì mí bí mo bá tún jókòó.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá lẹ́nu níbi ìpàdé, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó síta. Mo wò ó ní tèmi, mo sì tún sọ ohun tí mo sọ. Mi ò mọ̀ bóyá bàbá mi ì bá bínú ká ní àárín ìlú ni mo sọ. Ẹ̀yin tí ọ̀nà la ìlú yín kọjá ńkọ́, àbí ẹ̀yin tí ó yẹ̀ yín sílẹ̀? Ta ló bá ọ̀nà náà lọ? Ẹ sọ tiyín fún mi, mo máa ń kà á.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí á ti máa bèèrè èwo nirọ́ níbẹ̀. Ti ọ̀nà tí mo fọwọ́ tẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan tó kù ni èyí: Risikátù ò sọ pé òun máa padà wá. Èmi ni mo fi í sí i lẹ́nu. Ó ń so ẹsẹ̀ àwọn adìyẹ wọn pọ̀ kí wọ́n má baà fò sílẹ̀, kò sì gbójú sókè títí mọ́tò fi lọ.