Orúkọ Ọ̀gá Mi Lórí Ẹ̀rọ

"Kí lẹ fọwọ́ kàn kẹ́yìn?" Ìbéèrè yìí ni ọ̀gá mi, tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ìjọ wa ní Ìlaròó, fi ń bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

"Àdúrà ni mo gbà sí i," ni nọ́ọ̀sì àgbà fèsì lọ́jọ́ kan.

"Màmá, àdúrà kì í ba kọ̀ǹpútà jẹ́."

Ó kọ́ mi pé ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá lọ gan-an ni ká yọ orúkọ tó fi ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà kúrò, kí ẹlòmíì má baà fi wo àṣírí aláìsàn. Nígbà tí òun náà kú, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí rẹ̀, mo yọ ọ́. Ẹ̀rọ bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ilé oògùn ń pè mí, mo sì dìde lọ.