Ohun tó ba àká ètò wa jẹ́ ní Dásà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Dásà nígbà Rẹfolúsíọ̀n, ìjọba ológun tó ní òun fẹ́ yí ìlú padà, nígbà tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kàmáráàdì, àtọ̀gá àtọmọ iṣẹ́.

Iléeṣẹ́ òwú kan ní ẹsẹ̀ òkè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa ní ọ̀dínátọ̀ mẹ́ta, ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń pè ní kọ̀ǹpútà: ọ̀kan lọ́dọ̀ wa, ọ̀kan ní ibùdó wa ní Paouignan, ọ̀kan ní ti Lèma. Ẹ má rò pé ó dà bíi ti òde òní o! Bí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, wọ́n ti gbàgbé ohun gbogbo nìyẹn. Láràárọ̀, a ní láti ki disikẹ́ẹ̀tì bọ̀ wọ́n lẹ́nu, páálí dúdú pẹlẹbẹ kan tí a kọ ètò sínú rẹ̀, kí wọ́n tó lè jí.

Èmi ni mo ń ṣe disikẹ́ẹ̀tì tó ń jí wọn. Mo ní kọ́bọ́ọ̀dù onígi kan tí a ń pè ní àká ètò. Bí àgbẹ̀ ṣe ń ya àgbàdo sọ́tọ̀, tó ń ya erèé sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ya ètò kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ sórí disikẹ́ẹ̀tì tirẹ̀: ètò ìpìlẹ̀, ètò bọ́tìnnì onífaransé tó ń jẹ́ ká lè tẹ lẹ́tà Faransé, ètò ìtẹ̀wé, ètò òwú tí a fi ń ṣírò òwú. Bí àkókò òwú bá dé, n ó ṣa èyí tí ibùdó kọ̀ọ̀kan nílò, n ó sì tò wọ́n pọ̀ sórí disikẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ti Lèma kò gba ètò ìtẹ̀wé, torí wọn kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ti Paouignan gbà á. Ètò ìpìlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí òmíràn bá ṣáájú rẹ̀, ẹ̀rọ kò ní jí. Ohunkóhun tó bá sì ti ìta wá, a kì í jẹ́ kó wọ àká láìdán an wò.

Bí àkókò òwú bá parí, wọn á dá disikẹ́ẹ̀tì padà, n ó sì pa á rẹ́ kí a lè tún un lò, torí ó ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ẹ rí i nígbà náà pé ohun tó wà nínú àká nìkan la ní.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Àwa méjì là ń ṣe é. Ìkejì mi ni Ráfíù, ọmọ ìyá aláṣọ kan ní ọjà Dásà. Èmi ń tò, òun ń kọ. Ní àsìkò òjò ọdún yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ètò kékeré kan tán, tí yóò máa fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀, kí jẹnẹrétọ̀ má baà kú kó sì kó iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ. Kò tíì dé ibùdó kankan. Gbogbo wa ń retí rẹ̀.

Ráfíù a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Àǹtí Ágátà, ẹ tún ti ń to nǹkan! Bí ẹ bá dé ọ̀run, ẹ ó ní kí àwọn áńgẹ́lì tò sórí ìlà." Èmi náà á ní kó lọ fọ epo àkàrà ọwọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan disikẹ́ẹ̀tì mi.

Òwú ti ń jáde lóko nígbà tí mo jókòó láti ṣe ti Paouignan. Mo ki ètò ìpìlẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń ké gẹ̀rẹ̀-gẹ̀rẹ̀, ó ní òun kò rí nǹkan kà. Mo wá ètò ìpìlẹ̀ àtijọ́ kan, mo fi jí i, mo wá ki ètò òwú sí i. Òfo! Mo mú ètò tí Ráfíù kọ. Òfo ni!

Mo pe ṣẹ́ẹ̀fù wa, ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, ènìyàn jẹ́jẹ́ tó kàwé lókè òkun. Ó dìde, ó tún jókòó. Kó tó di ọ̀sán, délégéè, aṣojú ìgbìmọ̀ Rẹfolúsíọ̀n, ti gbọ́, ó ti dé. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: sàbòtáàsì.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá àkókò yẹn, báwo ni n ó ṣe ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó? Ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ba ohun ìní ará ìlú jẹ́. Wọ́n lè torí ẹ̀ gbé ènìyàn lọ, kí àwọn ará ilé rẹ̀ má mọ ibi tó wà.

Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá wa? Èmi àti Ráfíù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, mo ti lọ sí Lèma fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ Ráfíù nìkan ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Jàǹdáàmù méjì, àwọn ọlọ́pàá ìjọba, wá mú un. Kò pariwo. Ó kàn yíjú sí mi pé, "Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún màmá mi, kí wọ́n má wá sí àgọ́ jàǹdáàmù o. Àwọn jàǹdáàmù yóò bú wọn."

Ìyá Ráfíù kò lọ síbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wá!

"Ìwọ Ágátà! Ọmọ mi ń pè ọ́ ní àǹtí. Ṣé bí àǹtí ṣe ń ṣe nìyẹn, kó jókòó sórí àga, kí wọ́n fa àbúrò rẹ̀ jáde níwájú rẹ̀? Ẹnu rẹ dà? Àbí o fi yá ẹnì kan ni?"

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀.

"Àyè wo? Wọ́n ní wọ́n ń gbé e lọ sí Kútọnu lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Bó bá ti kọjá Dásà, ọ̀dọ̀ ta ni n ó ti béèrè rẹ̀?"

Mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó gbogbo disikẹ́ẹ̀tì jáde, mo ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èyí tó wà lórí pẹpẹ òkè ti bàjẹ́. Gbogbo èyí tó wà ní pẹpẹ ìsàlẹ̀, àwọn ètò àtijọ́ tí kò wúlò mọ́, pé pérépéré. Ẹni tó fẹ́ ba nǹkan jẹ́, ṣé yóò fi pẹpẹ kan sílẹ̀ ni?

Mo gbójú sókè. Lórí àpótí tí mo kó disikẹ́ẹ̀tì pẹpẹ òkè sí gan-an ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìgbìmọ̀ wà, èyí tí wọ́n fi ń pe ará ìlú sí ìpàdé, wọ́n fi aṣọ pupa bò ó. Délégéè ló gbé e síbẹ̀, torí yàrá wa nìkan ló ní àgádágodo gidi. Mo bá a níbẹ̀ nígbà tí mo dé láti Lèma. Ta ló máa fọwọ́ kan ẹrù ìgbìmọ̀?

Mo ká aṣọ náà kúrò. Mo mú sísọ́ọ̀sì mi sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Pàá! Ó lẹ̀ mọ́ ọn. Irin òòfà ni, ó sì lágbára. Irin òòfà sì rèé, bó bá sún mọ́ disikẹ́ẹ̀tì, ó ti nu ohun tó wà nínú rẹ̀ nù.

Mo da ètò àtijọ́ kan kọ sórí disikẹ́ẹ̀tì méjì. Mo fi ọ̀kan sábẹ́ gbohùngbohùn, mo fi èkejì sínú dúróà. Nígbà tí mo ti oúnjẹ ọ̀sán dé, ti inú dúróà ń ṣiṣẹ́, èkejì ti kú.

Mo lọ sọ ohun tí mo rí fún ṣẹ́ẹ̀fù. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sọ fún mi ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun ti rò ó bẹ́ẹ̀ láti àná. Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́? Ó wò mí. "Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, Ágátà."

N kò dá a lẹ́bi. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún délégéè pé gbohùngbohùn Rẹfolúsíọ̀n ló ba ẹ̀rọ ará ìlú jẹ́? Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohùn Ìyá Ráfíù létí mi. Mo ránṣẹ́ sí délégéè pé kó wá wo nǹkan.

Ó mú jàǹdáàmù kan dání. N kò sọ àsọyé. Mo fi disikẹ́ẹ̀tì tó dára hàn wọ́n, ẹ̀rọ kà á. Mo gbé e kan ẹ̀yìn gbohùngbohùn, mo tún fi sẹ́nu ẹ̀rọ. Òfo. Mo tún un ṣe.

Délégéè yọ awò ojú rẹ̀. "Kàmáráàdì Ágátà, ṣé ohun tí o ń sọ ni pé ohùn Rẹfolúsíọ̀n ló ba ẹ̀rọ wa jẹ́?"

Mo fi sísọ́ọ̀sì mi kan ẹ̀yìn gbohùngbohùn náà, ó lẹ̀ mọ́ ọn.

"Rárá o, kàmáráàdì délégéè. N kò sọ̀rọ̀ ohùn rẹ̀. Irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ń sọ."

Jàǹdáàmù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́. Délégéè wò ó, ikọ́ náà sì dá. Kò béèrè nǹkan kan nípa irin òòfà. Ó yà mí lẹ́nu pé kò béèrè rárá.

"Ooru ni," ó ní. "Ooru Dásà ló bà wọ́n jẹ́. Ṣé o gbọ́?"

Mo bi í pé, Ráfíù wá ńkọ́?

"Ooru kì í ṣe sàbòtáàsì." Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé gbohùngbohùn náà jáde.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, inú gbohùngbohùn yẹn náà ni délégéè ti kéde pé ooru ló ba disikẹ́ẹ̀tì jẹ́, kí kàmáráàdì gbogbo máa ṣọ́ ohun ìní ìlú lọ́wọ́ oòrùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, torí Ráfíù ti wà nílé ìyá rẹ̀.

Nígbà tó padà síbi iṣẹ́, ojú rẹ̀ kan ṣì wú, ó sì ń rìn bí arúgbó. Kútọnu ti fi ètò ìpìlẹ̀ àti ètò òwú ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tirẹ̀ nìkan ni kò sí níbikíbi. Ó jókòó, ó sì tún un kọ láti orí wá. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Nígbà tó parí, mo pa jẹnẹrétọ̀ lójijì láti dán an wò. Iṣẹ́ kò sọnù.

Mo wá bi í pé, ṣé ó mọ ohun tó bà wọ́n jẹ́?

Kò gbójú sókè. Ó ní ọjọ́ tí délégéè gbé gbohùngbohùn náà wá gan-an lòun ti sọ fún un pé irin ẹ̀yìn rẹ̀ yóò pa disikẹ́ẹ̀tì, kó jẹ́ kí òun gbé e sí yàrá kejì. Délégéè ní ṣé ó rí ẹrù Rẹfolúsíọ̀n bí ìdọ̀tí ni.

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ fún àwọn tó ń bi ọ́ léèrè?"

"Àǹtí, òun fúnra rẹ̀ ló ń bi mí léèrè."

Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí ọkùnrin yẹn kò fi béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi nípa irin òòfà.

Kí òwú tó tán lóko, Ráfíù ti ré kọjá sí Nàìjíríà. N kò rí i mọ́. Ètò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Paouignan àti ní Lèma títí àwọn ẹ̀rọ náà fi gbó.

Kí ni mo rí kọ́? Ẹ má fi ohun tí ẹ kò fẹ́ pàdánù sí ojú kan ṣoṣo. Ẹ fi ìkejì rẹ̀ sí ilé mìíràn. Ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni pé, bí nǹkan bá bàjẹ́, tí ẹnì kan sì tètè dárúkọ ẹni tó bà á jẹ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ti sọ fún olùdárúkọ náà tẹ́lẹ̀, tí kò gbọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbà rí pé ooru ni, kí ènìyàn yín lè padà wálé? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi. Ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ wá sọ òótọ́ ibẹ̀. Ní tèmi, òní ni.